Dírónù, léésà àti AI lórí Erédò Sùngbọ́: ibo ni ẹgbẹ́ abúlé kan ti lè bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, yàrà Erédò Sùngbọ́ sì gba ẹ̀yìn oko wa kọjá. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀ àti àwọn tó ń kọ́lé ń jẹ ẹ́ lọ. Àwa ọ̀dọ́ ti dáwó jọ láti ra dírónù kékeré kan tó ní kámẹ́rà. A gbọ́ pé AI ti ń rí ìlú àtijọ́ nínú igbó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀. Ṣé dírónù wa lè ya yàrà náà sí máàpù, kí AI sì bá wa wá ibi tó gbà lọ nínú igbó? Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra dírónù yẹn. Kámẹ́rà ara rẹ̀ kò lè rí yàrà tó wà lábẹ́ igbó. Orí igi ni yóò yà fún yín, owó á sì ti lọ. Léésà ló ń rí ilẹ̀ lábẹ́ igi. Ní ti ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI, òun ló ń wọlé kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn tó mọ ilẹ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ dé ibi púpọ̀, tí wọ́n sì ti sọ fún un pé èyí ni yàrà, èyí kì í ṣe yàrà. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni kò sí ẹni tó lè ṣe é dáa jù yín lọ, owó tó sì máa gbà kò tó ti dírónù.

Ọ̀nà tí fọ́tò dírónù fi ń di máàpù ni pé kọ̀ǹpútà máa ń wá ojú ibi kan náà nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò tí a yà láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á wá fi ìyàtọ̀ tó rí ṣírò bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Bí ewé bá bo ilẹ̀, ewé ni kọ̀ǹpútà á ṣírò. Léésà yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní lídà, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí dírónù ńlá lónìí, lè yin ìtànṣán léésà tó ju 200,000 lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì máa ka àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi padà. Èyí tó kan ewé á tètè padà, èyí tó kan ẹ̀ka á tẹ̀lé e, ìwọ̀nba díẹ̀ tó rí ihò gbà á sì dé ilẹ̀. Ẹ lọ dúró sábẹ́ igi ńlá ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wo àwọn ojú oòrùn kéékèèké tó ń jó lórí ilẹ̀: ihò tí oòrùn gbà dé ibẹ̀ náà ni léésà ń gbà. Ibi tí ẹ kò bá ti rí ojú oòrùn kankan, bí abẹ́ ọparun tó dí pa, lídà pàápàá kò ní rí nǹkan púpọ̀ mú bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ti ṣe fún àwọn awalẹ̀pìtàn kò kéré. Ní Caracol, ìlú àtijọ́ àwọn Maya ní Belize, Arlen Chase àti Diane Chase pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn ti fi ọdún tó lé ní 20 rin igbó, síbẹ̀ nǹkan bíi kìlómítà 23 níbùú lóòró ni wọ́n rí yà sí máàpù. Ní 2009, ọkọ̀ òfúrufú gbé lídà kọjá lórí nǹkan bíi kìlómítà 200 níbùú lóòró láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní àríwá Guatemala, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ka ilé àti àwọn nǹkan àfọwọ́kọ́ mìíràn 61,480 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà 2,144 níbùú lóòró. Ní Áfíríkà tiwa níbí, Karim Sadr ti Yunifásítì Witwatersrand fi lídà gbé ìlú Kweneng jáde, ìlú àwọn Tswana nítòsí Johannesburg tí koríko àti igi ti bo àwọn ògiri òkúta rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti Ìjẹ̀bú kò kéré sí ìwọ̀nyẹn. Erédò gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160 yípo, ibì kan sì wà tí ó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òdi. Ẹsẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Patrick Darling fi tọ̀ ọ́ nínú igbó kí ayé tó gbọ́ òkìkí rẹ̀ ní 1999. Ẹnu lè yà yín pé ohun tó tóbi báyìí ṣì lè pamọ́ fún sátẹ́láìtì. Máàpù gíga ilẹ̀ tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kan nínú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 30. Yàrà àti òdi lápapọ̀ lè wọ inú ojú kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà á wá fi jíjìn yàrà pa gíga òdi rẹ́, á sọ pé ilẹ̀ tẹ́jú. Orí igi sì ni òun náà ń wọ̀n nínú igbó.

Lídà náà ní ibi tó ti máa ń tan èèyàn jẹ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, kódà bí ẹlòmíì ló máa bá yín ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Ohun tí ẹ̀rọ náà kó bọ̀ kì í ṣe àwòrán. Òkìtì àmì ni, ti ewé, ti ẹ̀ka, ti ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣa ti ilẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ wà nínú CloudCompare, áàpù kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún. Ó máa ń dojú gbogbo àmì náà dé, kí ilẹ̀ wà lókè, kí igi wà nísàlẹ̀, á wá ju aṣọ kan tí kò sí lójú ayé lé e lórí. Ohun tí aṣọ bá fara kàn ni ilẹ̀, ohun tó bá jìnnà sí aṣọ ni igi. Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ ẹ rò ó wò: bí a bá dojú Erédò dé, òdi á di kòtò, yàrà á di òkè. Aṣọ tó bá le á na gbọọrọ kọjá lórí kòtò yẹn láìwọ inú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì ka orí òdi mọ́ igi, á gé e dànù. Òdi tí ẹ̀yin fi ẹsẹ̀ gùn, tí ẹ mí hẹlẹhẹlẹ, á wá dà bí ebè iṣu nínú máàpù.

Bí a ṣe ń tún un ṣe ni pé kí a yan aṣọ rírọ̀. Nínú áàpù náà, líle aṣọ ní ipò 1, 2 àti 3. Ipò 1 ni ti ilẹ̀ tó gẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ojú aṣọ náà, ìyẹn àlàfo láàárín okùn rẹ̀, jẹ́ mítà 2 bí áàpù náà ṣe dé. Ẹ dín in kù sí mítà 0.5. Ẹ má sì jẹ́ kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ láìnídìí, torí aṣọ tó bá rọ̀ jù, tí ojú rẹ̀ sì wẹ́, á máa wọ inú igbó kúkúrú, ilẹ̀ á wá yọ kókó káàkiri níbi tí kò sí nǹkan kan. Ohun tó máa sọ fún yín pé ó ti tọ́ kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ibi kan tí ẹ ti fi okùn wọ̀n lójú ilẹ̀ ni. Ẹ gé máàpù náà ní ìbú níbẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ sínú ìwé. Bí òdi yín bá jẹ́ mítà 5 tí máàpù sì sọ pé 2 ni, ẹ padà sẹ́yìn.

Òjìji náà tún wà. Àwòrán lídà tí a sábà máa ń rí ni èyí tí kọ̀ǹpútà tan ìmọ́lẹ̀ sí láti igun kan ṣoṣo, láti ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Yàrà tó bá ń lọ sí ọ̀nà kan náà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá kò ní í ní òjìji, kò sì ní í hàn. Erédò yí po. Dandan ni kí apá kan rẹ̀ bá ìmọ́lẹ̀ yẹn rìn. Ẹ má ṣe gbà pé yàrà ti parẹ́ nítorí àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ lo irú àwòrán tó ń béèrè pé ẹni tó bá dúró níbí, báwo ni ojú ọ̀run tó rí ṣe fẹ̀ tó? Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yàrà á rí díẹ̀, ibẹ̀ á dúdú. Ẹni tó wà lórí òdi á rí púpọ̀, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀. Relief Visualization Toolbox tí àwọn olùwádìí Slovenia ṣe ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń bá QGIS, áàpù tí a fi ń ṣe máàpù, ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, AI. Iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Nazca ní Peru, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ya èèyàn àti ẹranko sórí ilẹ̀ aṣálẹ̀. Masato Sakai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yamagata ní Japan, pẹ̀lú IBM, kéde ní 2024 pé oṣù mẹ́fà tí àwọn fi rin ilẹ̀ náà gbé àwòrán tuntun 303 jáde, nígbà tó jẹ́ pé 430 péré ni wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló rí gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí AI tọ́ka sí lé ní 47,000; èèyàn ló jókòó ti wọn, tí ó ṣà wọ́n di 1,309. Ìyẹn ni pé nínú ibi 36 tó bá tọ́ka sí, ẹyọ kan ló tó kéèyàn gbé ẹsẹ̀ lọ wò. Nínú 303 náà, 178 ni AI tọ́ka sí lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìyókù, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó tọ́ka sí, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ojú èèyàn ló rí i. Mi ò fi èyí bu iṣẹ́ náà kù. Iṣẹ́ ńlá ni, torí ibi 36 yẹn rọrùn fún èèyàn láti yẹ̀ wò ju aṣálẹ̀ odindi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí ibi tí èèyàn dúró sí nínú rẹ̀.

Aṣálẹ̀ ni Nazca, igbó ni Ìjẹ̀bú. Ohun tí wọ́n bá fi kọ́ AI nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá gbé èyí tó kọ́ ilé Maya tàbí àwòrán Nazca wá sí ẹ̀yìn oko yín, kò ní mọ yàrà. Bó sì jẹ́ yàrà nìkan ni ẹ fi kọ́ ọ, gbogbo ohun tó bá jinlẹ̀ tó sì gùn ni yóò máa pè ní Erédò: ojú ọ̀gbàrá, ibi tí katakata ti wa yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀nà, ojú ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ tó ti jìn, kódà ààlà oko tí wọ́n gbẹ́. Nítorí náà, àpẹẹrẹ ohun tí kì í ṣe yàrà ṣe pàtàkì tó àpẹẹrẹ yàrà. Ẹ̀yin mọ ìyàtọ̀ náà láìrò ó. Ọ̀gbàrá máa ń tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀, kì í sì í ní òkìtì yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí omi ti gbé yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Erédò lè dábùú ìdagẹ̀rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n sì wú nínú rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní, wọ́n kó o jọ sí apá inú ni ó di òdi. Ibi tí katakata ti wa yẹ̀pẹ̀ fẹ̀, kò gùn, ó sì máa ń sún mọ́ títì.

Ẹni tó bá máa kọ́ AI náà fún yín, ẹ bi í léèrè bó ṣe dán an wò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a gé máàpù sí wẹ́wẹ́, kí a po wọ́n pọ̀, ká fi díẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ, ká fi díẹ̀ dán an wò. Yàrà kan náà ló gba inú wẹ́wẹ́ tó fara kan ara wọn. Ẹ̀rọ ti rí ìdajì ìdáhùn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, máàkì á pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì máa kùnà bó bá dé abúlé kejì. Ibi tó jìnnà, tí wọn kò fi kọ́ ọ rárá, ni kí wọ́n fi dán an wò. Ẹ má sì ṣe gbé fọ́tò sátẹ́láìtì fún àwọn AI tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹ ní kó fi ibi tí yàrà wà hàn yín. Á fèsì, á sì fi ìdánilójú fèsì, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ó kàn hun ọ̀rọ̀ náà jọ ni.

Iṣẹ́ tiyín nìyí. Láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti mú kí igbó fúyẹ́, ẹ kó èèyàn mẹ́rin jọ: ẹni tó mọ̀nà, ẹni tó ń di okùn mú, ẹni tó ń kọ̀wé, ẹni tó ń ya fọ́tò. Ẹ fi SW Maps tàbí QField sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ máa rin etí yàrà, kí ẹ sì dúró ní gbogbo mítà 50. Lábẹ́ igi, fóònù lè fi mítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà, nítorí náà ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó gba ibi tó wí. Ẹ kọ jíjìn yàrà, fífẹ̀ rẹ̀, gíga òdi, ìhà tí fọ́tò kọjú sí, àti ohun tó ti bà á jẹ́. Ẹ kọ ibi tí yàrà ti dáwọ́ dúró pẹ̀lú; ibi tí kò sí nǹkan náà jẹ́ ìmọ̀.

Ní ibì kan nínú gbogbo kìlómítà kan, ẹ wọn ojú ilẹ̀ ní ìbú dáadáa. Ẹ ta okùn láti ẹ̀yìn òdi kọjá yàrà dé òdìkejì. Rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti mọ ibi tó dọ́gba ni ẹ máa lò, ó sì dára ju ojú lọ. Níbi tó bá ti gẹ̀rẹ̀ ju gígùn ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn gíga lọ, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele ìpele, kí ẹ sì ka gíga ní gbogbo mítà kan. Ní etí yàrà àti ní ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, ẹ kà á ní ìlàjì mítà. Níbi tó ti kù dáadáa, ògiri yàrà náà dúró ṣánṣán nínú ilẹ̀ pupa, ewéko tútù sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ má ṣe gùn ún, ẹ má sì ṣe họ ọ́ fún fọ́tò.

Ìkìlọ̀ kan nípa máàpù ìjọba àtijọ́, torí ẹ máa lò ó, ó sì wúlò: àwọn máàpù 1:50,000 náà dá lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, fóònù yín sì ń lo WGS84. Bí ẹ bá kàn gbé ọ̀kan lé èkejì, yàrà yín á yẹ̀ ní nǹkan bíi 100 mítà, ẹ ó sì rò pé yàrà méjì ló wà. Nínú QGIS, ẹ yan Minna fún máàpù àtijọ́, kí ẹ sì yan WGS84, UTM agbègbè 31N, fún iṣẹ́ yín lápapọ̀. Ẹ tún wá àwọn fọ́tò CORONA, èyí tí sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà yà láàárín 1960 sí 1972, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní 1995. Ó wà ní EarthExplorer, ìkànnì ilé iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó ti di ilé lónìí lè jẹ́ oko gbalasa nígbà náà.

Dírónù wá ńkọ́? Ó ní ibi tó ti wúlò gan-an, ìyẹn ni ibi tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ yẹn, torí igi ti kúrò níbẹ̀. Ẹ fò ó ní mítà 60, kí fọ́tò kan bo 80 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí ìlà kan sì bo 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà kejì. Ẹ padà fò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. OpenDroneMap á ṣírò iye yẹ̀pẹ̀ tó ti kúrò, ìyẹn sì ni ẹ̀rí tó ṣeé gbé síwájú ọba àti ìjọba. Bí gbogbo fọ́tò bá wo ilẹ̀ tààrà, tí kò sì sí àmì tí ẹ ti wọ̀n sórí ilẹ̀, máàpù á tẹ̀ bí ikùn igbá, ẹ ó sì rí òkè tí kò sí. Ẹ fi àmì márùn-ún ó kéré tán sílẹ̀, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín, kí ẹ sì tún ya díẹ̀ tí kámẹ́rà wo ẹ̀gbẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó fò ó rárá, ìwé àṣẹ ọ́fíìsì olùgbani-nímọ̀ràn lórí ààbò orílẹ̀-èdè àti ti NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, pọn dandan. Gbígbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, lòdì sí òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ baba yín.

Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tó lè sọ ọjọ́ orí yàrà fún yín. Èédú tó wà lábẹ́ òdi, tí awalẹ̀pìtàn fi ọwọ́ yọ, ló lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí òdi náà láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe gbé ibi tí fóònù kọ sílẹ̀ gan-an sórí Facebook, pàápàá níbi tí àpáàdì tàbí ohun ìbọ bá wà. Àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ náà ń kà á. Ẹ kó o fún baálẹ̀ àti ọ́fíìsì NCMM, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń bọ̀ pẹ̀lú lídà, nǹkan méjì ni kí ẹ kọ sínú àdéhùn: kí àmì tó dé ilẹ̀ má dín ní 4 nínú mítà kan níbùú lóòró, kí wọ́n sì fún yín ní fáìlì LAZ, ìyẹn fáìlì òkìtì àmì náà, tí wọn kò tíì yọ igi kúrò nínú rẹ̀, kí ó má jẹ́ àwòrán nìkan. Bí wọ́n bá ti gé orí òdi dànù, inú fáìlì yẹn nìkan ni ẹ ti lè rí i gbà padà.